Aṣọ Funfun Délé Aláró

Bí ẹ bá pàdé Àrìnpé Ọ̀ṣunfẹ́mi lójú ọ̀nà, ẹ má bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, àfi bí ẹ bá ráyè. Á ní òun ń ya àwòrán. Á tún ní òun ń ṣe fíìmù. Kó tó mí, á ti ní òun ń jà fún àwọn obìnrin, òun ò sì ní dákẹ́ títí ilẹ̀ tí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ ro yóò fi di ti obìnrin náà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kì í sọ fún àjèjì ni pé obìnrin ni òun náà fẹ́ràn, pé Lois tí wọ́n ti jọ ń gbé ní Ìbarà láti ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán. Òfin wà nílẹ̀ wa tó ń fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ irú wọn, ẹnu ayé sì tún le ju òfin lọ. Nítorí náà, inú fíìmù ló máa ń sọ ọ́ sí.

Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, inú òórùn aró ló sì dàgbà sí. Mọ̀nsúrát ìyá rẹ̀ ni aláró tí gbogbo Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ìlú náà, máa ń wá nígbà tí iṣẹ́ bá le. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ obìnrin náà: yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, yóò fi ya ọnà sára tẹ́rù, ìyẹn aṣọ funfun tí a fi ń ṣe àdìrẹ, kó tó rì í sínú ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Láti ìgbà tí Àrìnpé ti gbọ́njú ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti dúdú dé ìgúnpá.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọnà. Ìyá rẹ̀ na tẹ́rù sílẹ̀, ó fẹ́ ya ẹja àti ewé sí i, ló bá lọ kírun. Kó tó ṣe sàláámà, ọmọ ti gbé ìyẹ́, ó ti ya ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ síbẹ̀, níbi tó ti ń bá oníbàárà jà, ẹnu rẹ̀ là gbàràgàdà, ọwọ́ kan ní ìbàdí. Mọ̀nsúrát nà án dáadáa. Ṣùgbọ́n kò fọ ẹ̀kọ náà kúrò. Ó rẹ aṣọ náà láró bẹ́ẹ̀, obìnrin kan láti Èkó sì rà á kó tó gbẹ tán.

Nígbà tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó rí iṣẹ́ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Kuto. Oṣù mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí wọ́n bá rán an láti lọ ya ọkọ àti ìyàwó, ẹ̀yìnkùlé ni kámẹ́rà rẹ̀ máa ń gbà lọ, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fọ abọ́, tí èéfín ń pa lójú, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ wọn ṣẹ̀rín. Bàbá ìyàwó kan wo fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ títí, ó ní, "Ọmọ mi dà? Ta ni gbogbo àwọn tó ń fọ ìkòkò wọ̀nyí?" Wọ́n lé Àrìnpé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kó àwọn obìnrin tó ti yà wọ̀nyẹn jọ, ó fi wọ́n ṣe fíìmù ìṣẹ́jú mọ́kànlá, fíìmù náà sì gbé e dé Dakar. Ẹ ò rí i pé ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́, ọ̀nà ni wọ́n là fún un!

Fíìmù kejì, Kọ́bapẹ́ ló ti ṣe é, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá wọn, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní pín ilẹ̀ náà fún. Ó gbé fíìmù náà padà lọ fi hàn wọ́n ní abúlé. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn obìnrin náà gba inú ìpàdé ẹbí lọ, wọ́n jókòó níwájú, wọ́n ní àwọn ò dìde. Ìgbà tí Àrìnpé gbọ́, ó fò sókè ní Ìbarà, ó fọ́ fìtílà Lois. Lẹ́yìn èyí ni Berlin pè é, tí wọ́n gbé ìró mẹ́wàá tó ya àwòrán sí kọ́ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan, tí àwọn òyìnbó ń wò ó tí wọ́n ń mi orí.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò tíì wo ọ̀kankan. Mọ̀nsúrát aláró, tí ọ̀nà rẹ̀ sí ilé Àrìnpé kò ju owó Màrúwá kan lọ, kò wo ẹyọ kan. Lónìí, ojú ń dùn ún. Lọ́la, ọjọ́ ọjà ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé inú fíìmù ni ọmọ òun máa ń kó ohun tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ sí, ẹ̀rù ohun tí yóò rí níbẹ̀ sì ń bà á. Lois gan-an, kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọ̀rẹ́ ẹ" ló máa ń wí. Lois náà, "Mà" ló ń pè é, kò pè é ní nǹkan mìíràn.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n máa fi fíìmù tuntun han ìlú. *Ìkòkò Kan* ni Àrìnpé sọ ọ́. Ìtàn aláró méjì ni, Mọ́níkẹ́ àti Ọ̀ṣungbèmí, tí wọ́n ti di olóògbé. Mọ́níkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá Mọ̀nsúrát. Òun ló tọ́ ọ dàgbà tó sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀ṣungbèmí wá láti abúlé kan lẹ́bàá Kọ́bapẹ́, ilé olórìṣà ni wọ́n ti bí i. Ìkòkò aró kan ni àwọn méjèèjì lò fún ọdún mọ́kànlélógójì, ilé kan, yàrá kan, mùsùlùmí kan àti ọlọ́ṣun kan. Létí gbogbo aṣọ wọn ni wọ́n máa ń ya àmì wọn sí: òòyà méjì tí wọ́n kọjú síra, tí eyín èkíní wọ inú eyín èkejì.

Ní Dakar àti ní Berlin, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn, ohùn Àrìnpé ló parí fíìmù náà pé: "Wọ́n fẹ́ ara wọn. Ara wọn ni wọ́n fẹ́." Ṣùgbọ́n nígbà tó di ti Abẹ́òkúta, ọmọ tí kì í bẹ̀rù yìí yọ gbólóhùn náà. Ó ka òmíràn sí i pé: "Bí ọmọ ìyá ni wọ́n ṣe gbé."

Lois ló ń ṣètò ohùn fún gbogbo fíìmù rẹ̀, òun ló sì máa tò ó sí i. Ó yọ nǹkan tó fi bo etí, ó wò ó.

"Àrìn, o gbé òtítọ́ dé Berlin, irọ́ lo wá ń kó bọ̀ wá sílé?"

"Ìyá mi ni, Lois. Mo ti pè é. Bó bá lọ wá lóòótọ́, tó gbọ́ ọ, tó dìde, tó gba ẹnu ọ̀nà jáde lójú gbogbo ayé, kí ni mo máa fi ara mi ṣe?"

"Ṣé ó ní òun ń bọ̀ ni?"

Àrìnpé ń ká okùn gbohùngbohùn. Ìyá rẹ̀ ti sọ tirẹ̀ lórí fóònù: "Òkú ń sùn, o fẹ́ lọ jí wọn. Má dúró dè mí." Síbẹ̀, ó ń dúró dè é. Àwọn tó ti pàtẹ́wọ́ fún un láyé yìí kò lóǹkà, gbogbo ìyẹn ò sì tó nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹnì kan ló ń fẹ́ kó jókòó kó wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Kẹ́ńta, ilé àwọn bàbá Lois, ni wọ́n fẹ́ lò, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, fún ọgbọ̀n ènìyàn tí wọ́n fìwé pè. Ògiri ibẹ̀ ti ṣí bí ara alángbá, àwòrán ò lè hàn níbẹ̀. Àrìnpé bá ra tẹ́rù, ó gbé e fún télọ̀, wọ́n rán an pọ̀ di aṣọ fífẹ̀ kan tí fíìmù yóò máa tàn sí lára. Òjò ń jò ní ilé wọn ní Ìbarà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní kí Saheed, onímàrúwá tó máa ń bá a gbé ẹrù iṣẹ́ rẹ̀, gbé aṣọ náà lọ sí ìsọ̀ ìyá òun ní Ìtòkú kó lè wà níbi gbígbẹ títí di Sátidé.

Saheed ò bá ìyá nílé. Ìṣó méjì ló wà ní ìsọ̀ Mọ̀nsúrát. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, iṣẹ́ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fi kọ́. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, iṣẹ́ tó ti parí. Gbogbo aláró Ìtòkú ló mọ èyí, Saheed nìkan ni kò mọ̀. Ó kọ́ aṣọ sórí ìṣó àkọ́kọ́ tó rí, ó sọ fún obìnrin ìsọ̀ kejì pé, "Ti Àrìnpé ni o," ó sì yí Màrúwá rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi: aṣọ funfun tó dé ilé aláró, tí wọ́n ti rán, tí wọ́n ti ká létí, tó wà lórí ìṣó iṣẹ́, kí ni kí aláró fi ṣe?

Ní ọ̀sán Sátidé, Saheed lọ gbé aṣọ bọ̀ nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dì í. Agogo méjì kù díẹ̀. Lois ń to àga, Àrìnpé wà lórí àkàbà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Saheed tú ẹrù náà lórí ilẹ̀.

Búlúù! Búlúù tó jinlẹ̀ títí tó fi fẹ́ di dúdú, tó ń dán, ọnà funfun sì kún un láti etí dé etí. Ẹja wà níbẹ̀, ewé wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀.

"Saheed!" Àrìnpé bẹ́ láti orí àkàbà. "Saheed, kí lo ṣe fún mi?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, funfun ni mo gbé lọ! Funfun ni!"

Lois wo aṣọ, ó wo Saheed, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àrìnpé kò lè gbé ojú kúrò lára aṣọ náà, nítorí láti ìgbà tó ti dáyé, kò rí i kí ìyá rẹ̀ ya ohun tó dára tó báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú mímí.

Mọ̀nsúrát ló yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn tuntun lórí, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ó ti kírun ọ̀sán, ó ní kí òun tẹ̀ lé aṣọ òun kí òun lè rí ojú ọmọ òun nígbà tó bá ṣí i. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Àrìnpé kò gbé aṣọ wá kí ìyá rẹ̀ pa á láró. Nígbà tí wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé ti Àrìnpé ni, ó ti ti iṣẹ́ gbogbo oníbàárà sẹ́yìn, ọjọ́ márùn-ún gbáko ló fi ṣe èyí.

"Ó dára àbí kò dára?" ló bèèrè, ojú rẹ̀ sì ń tàn.

Àrìnpé kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ kú iṣẹ́. Ó dára. Ó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n..." Ó wá rọra ṣàlàyé pé ara aṣọ funfun ni fíìmù máa ń tàn sí, pé agogo mẹ́rin ni àlejò ń dé.

Mọ̀nsúrát fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Mo ti ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́!" Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, kò jókòó sunkún, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ó fa fóònù yọ lábẹ́ ìborùn. Gbogbo ilé gbọ́ ọ: "Ẹ gbé tẹ́rù wá! Àní, èyí tó wà ní ìsọ̀ yín báyìí. Ẹ mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ní Kẹ́ńta! Ẹ sáré!"

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí obìnrin márùn-ún fi gun òkè, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, gbogbo wọn ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tẹ́rù ní èjìká. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni, àwọn tó máa ń fi òwú rán ọnà sí aṣọ kó tó wọ aró. Nínú gbogbo Ẹ̀gbá, kò sí abẹ́rẹ́ tó yá ju tiwọn lọ. Wọ́n jókòó yí aṣọ ká, abẹ́rẹ́ ń lọ ó ń bọ̀, ẹnu náà ò dúró. Ara Àrìnpé ò balẹ̀ mọ́. Ó gbé kámẹ́rà, ó ń sáré yí wọn ká, ó ń yà wọ́n. Kí agogo mẹ́rin tó lù, aṣọ funfun ti wà lára ògiri. Oòrùn tún ń gba fèrèsé wọlé, Mọ̀nsúrát fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ aró rẹ̀, ó kọ́ ọ dí fèrèsé méjèèjì. Yàrá ṣú bí inú ìkòkò aró. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Àlejò dé, àwọn obìnrin tó fẹ́ kírun Alásàárì sì kí i tán. Kò sí aláró kan tó lọ sílé. "Aṣọ wa ló wà lára ògiri," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba àga. Mọ̀nsúrát jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ gbé.

"Aṣọ mi tó wà lójú fèrèsé ni mo ń dúró gbà," ló sọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Àrìnpé di ọwọ́ Lois mú lẹ́yìn projẹ́kítọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rù nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó! Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ dúdú hàn nínú aró. Òde Láfẹ́nwá hàn, ilé náà hàn, àti fọ́tò kan ṣoṣo tó kù, obìnrin méjì tí wọ́n fi èjìká kan èjìká. Nígbà tí òòyà méjì hàn létí aṣọ ògbólógbòó kan, Mọ̀nsúrát mí kanlẹ̀, ó gbé báàgì kúrò lórí itan, ó gbé e sílẹ̀.

Ó wá ku gbólóhùn kan. Ohùn Àrìnpé sọ ọ́ láti ara ògiri: "Bí ọmọ ìyá ni wọ́n ṣe gbé."

Mọ̀nsúrát dìde.

Àrìnpé fi ọwọ́ Lois sílẹ̀. Ó ti parí nìyẹn, ó ń lọ, ó sì tún ń lọ nítorí irọ́.

"Ẹ dá a dúró," ni ìyá rẹ̀ wí. Saheed, tó dúró nítòsí ẹ̀rọ, dá a dúró. "Àrìnpé, ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

"Màámi, èmi..."

"Bí ọmọ ìyá kẹ̀? Èmi tí mo gbé inú ilé náà, ṣé ìwọ lo máa sọ fún mi ni? Nígbà tí Ìyá Ọ̀ṣungbèmí kú, ìyá mi Mọ́níkẹ́ wọ yàrá, ó fi aṣọ dúdú bora, ó sì ṣe opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó pé géérégé, gẹ́gẹ́ bí mùsùlùmí ṣe ń ṣe é fún ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo ń pọnmi fún un. Wọ́n ní kí n máa sọ fún ará ìta pé ara rẹ̀ ò yá, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà." Ó na ìka sí ògiri. "Ta ló ń ṣe opó ọmọ ìyá ẹ̀? Má parọ́ lórí aṣọ wa."

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún mẹ́ta ni Àrìnpé fi wá ìtàn àwọn obìnrin wọ̀nyí kiri, ohun tó tóbi jù nínú rẹ̀ sì wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú.

Ọ̀kan nínú àwọn aláró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Òótọ́ ló sọ. A mọ̀. Ẹni tó bá sì gbé ọ̀rọ̀ yìí kọjá àtẹ̀gùn yẹn, aró la máa rì í sí." Ẹ̀rín bú ní gbogbo ilé.

Àrìnpé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ti tẹ́lẹ̀ wà, Màámi, èyí tó jẹ́ òótọ́. Mi ò gbé e wá ni."

"Mo gbé e wá," ni Lois wí jẹ́jẹ́. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti àárọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi í sí i, Mọ̀nsúrát padà jókòó, ó gbọ́ ọ dé òpin: "Wọ́n fẹ́ ara wọn. Ara wọn ni wọ́n fẹ́." Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí aṣọ bá jáde nínú aró tó sì mú dáadáa.

Nígbà tí àlejò ń lọ, àwọn aláró ń tú tẹ́rù wọn, kálukú ń mú tirẹ̀. Mọ̀nsúrát já aṣọ aró kúrò lójú fèrèsé, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. Etí rẹ̀ yí síta, òòyà méjì sì wà níbẹ̀, eyín nínú eyín. Àrìnpé rí i. Láti ọ̀sán tó ti ń wo aṣọ náà, kò wo etí rẹ̀.

"Nígbà tí mo nà án sílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ni ìyá rẹ̀ wí, "mo ní aṣọ tó fẹ̀ báyìí, kì í ṣe ìró ẹnì kan. Mo ní aṣọ ìbora ni ọmọ mi ní kí n bá òun ṣe. Ti ẹni méjì." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Lois, gbà."

Lois fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Màámi."

"Má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o," ni Mọ̀nsúrát wí, ó ń wá báàgì rẹ̀. "Omi tútù lásán ni. Kí ẹ sì sá a sí ibòji."